Ààyò Alhaji: Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀pá Ìwọ̀ ní Ọjà Woolwich

Ẹ gbé fóònù yẹn kúrò lójú mi kí n tó jù ú sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ ní kí n wo àwòrán ọ̀pá ìwọ̀, kí n fi ìka tọ́ka sí èyí tó dára jù fún ẹja ńlá. Ta ló ń fi fọ́tò tọ́ ọbẹ̀ wò? Ẹ ní àwọn èèyàn ti fún un ní ìràwọ̀. Ìràwọ̀! Ojú ọ̀run ni mo mọ ìràwọ̀ sí. Àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n mọ̀ pé èjìká òsì rẹ yẹ̀ nígbà tí o ṣubú láti orí kẹ̀kẹ́, ìwọ Kúnlé? Èmi ìyá àgbà rẹ mọ̀, torí èmi ni mo fi òrí pa á. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé, "Grandma, just pick one." Mú ọ̀kan, bí ẹni ń mú sùìtì nínú agolo.

Inú ń bí mi. Ẹ̀rín sì ń pa mí pẹ̀lú, torí kò sí ohun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín láyé yìí, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má wo eyín mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ Kúnlé náà, ẹ bọ́ ohun tí ẹ kì bọ etí yẹn, kí n sọ bí a ṣe ń yan ọ̀pá nígbà tí Woolwich ṣì jẹ́ Woolwich.

Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń gbẹ́ ihò rélùwéè tuntun, ilẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, páànù orí òrùlé ń dún jìgìjìgì bí eyín ẹni tí òtútù mú. Kọ̀rọ̀ kan báyìí ni ọjà wa wà, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó tò sábẹ́ òrùlé kan. Ọwọ́ ọ̀tún mi, Ìyá Onírun. Ọwọ́ òsì mi, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe. Èmi ń ta báàgì ìrìn-àjò, agbòjò, àti àpò ọ̀rá onílà tí gbogbo yín fi ń kó ẹrù lọ sílé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pátápátá, lára ògiri, ọ̀pá ìwọ̀ ni. Wọ́n dúró tò bí ọmọge tó ń retí ọkọ. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn ní kí n palẹ̀ wọn mọ́, kí n kó èékánná ìlẹ̀mọ́wọ́ wá. Mo ní èékánná kẹ̀? Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí bàbá mi fi ẹja inú ọ̀sà tọ́ dàgbà? Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ igi tó ń tẹ̀, ó mọ igi tó ń dá.

Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Ìyá Ọlọ́pàá nìyẹn. Obìnrin tó ní ọ̀pá, kí ni ẹ tún fẹ́ kí wọ́n pè é? Àmọ́ orúkọ yẹn lé oníbàárà ju òjò lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé nílùú yìí, tó bá gbọ́ tí wọ́n kígbe "Ìyá Ọlọ́pàá!" láàárín ọjà, á ju iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á gba ọ̀nà Plumstead lọ láìwẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Mo ní ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ọmọ Ìjẹ̀bú tòótọ́. Àṣé ó rò pé ọmọ bíbí inú mi ni ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yẹn. Ọjọ́ tó rí i pé ọ̀pá ìpẹja ni, ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, kò kí mi mọ́ títí dòní. Olóríburúkú.

Bí oníbàárà bá wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í: "Ẹja dà?" Ìyẹn ni pé, ta lo mú wá tó máa ṣe ẹja fún ẹ? Kò sí ẹni tó ń ra ọ̀pá lọ́wọ́ mi láìmú ẹja dání. Oníbàárà á di ọ̀pá mú, á fi ìdí rẹ̀ ti ikùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á so okùn mọ́ bẹ́líìtì, á sì sáré. Á ya sí ọ̀tún níwájú Ìyá Onírun, á ya sí òsì, á wólẹ̀ bí ẹja tó ń wá abẹ́ àpáta sá sí. Kẹ̀kẹ́ tí a ká okùn sí lára ọ̀pá á máa ké ṣẹẹẹ, ọ̀pá á máa dún wín-ín wín-ín, gbogbo ọjà á dìde.

"Fà á! Má jẹ̀ẹ́ kó lọ!"

"Ẹja wo lèyí? Ẹja yìí ti jẹ ẹ̀bà jù!"

"Ẹja, rọra o, ṣòkòtò rẹ ti ń bọ̀ wálẹ̀!"

Bí ọ̀pá bá bá ẹ mu, kò sí ẹni tó máa sọ fún ẹ. Ara rẹ ló máa gbọ́ ọ. Èyí tó bá wá bá ẹ mu yẹn, orúkọ tí a ń pè é ni ààyò. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí òun ló fa ìjà tí mo fẹ́ sọ. Nílé olórogún, ìyálé ló dàgbà jù, ìyàwó tuntun ló ń dán jù, ṣùgbọ́n ààyò lẹni tí ọkàn baálé wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ọjà wá sọ ọ̀pá di ìyàwó. Èyí tó nípọn bí ọmọ odó, ìyálé ni. Èyí tó ń dán tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ìyàwó tuntun. Ẹni tó bá ti rí ààyò, kò tún wo ògiri mọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, tí wọ́n bá kírun tán, ọ̀dọ̀ adágún omi ní Thamesmead ni gbogbo wọn ń forí lé. Ẹ wo ọkùnrin nínú agbádá, ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń ju ẹja onígi, èyí tí a fi ń tan ẹja, sórí omi! A ti yọ ìwọ̀ kúrò lára ẹja onígi náà, torí ìdíje ni, ta ló jù ú jìnnà jù. Ẹran ń yan lórí iná, ọmọ ń sunkún, pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó ń bú wa. Àwọn ọmọ ìjọ náà máa ń wá. Ẹran Iléyá ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò tó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, ní Thamesmead ló ti kọ́kọ́ rọ̀.

Ọdún kan, Bùrọ́dá Délé, nọ́ọ̀sì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbàgbé, kò yọ ìwọ̀ tirẹ̀. Ó fi ọ̀pá sẹ́yìn, ó fẹ́ ju ẹja onígi rẹ̀. Ìwọ̀ lọ ha fìlà Díákónẹ́ẹ̀sì kan tó jókòó sórí koríko, fìlà ńlá tó ní òdòdó. Délé kò mọ̀. Ó jù ú. Fìlà gbéra, ó gba ojú òfuurufú, ó já sáàárín adágún.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Díákónẹ́ẹ̀sì di orí mú. "Wọ́n ti gbé adé mi lọ!"

"Mummy, ẹ má bínú, mò ń fà á bọ̀!"

Ó ń fà á bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògòǹgò omi funfun ọrùn gígùn kan tí wọ́n ń pè ní swan rí fìlà tó ń bọ̀ lórí omi, ó rò pé akọ mìíràn ló wá jà á lólè ìyàwó. Ìjà wo ni ẹ tíì rí? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí ẹran ẹlẹ́ran. Lónìí, ẹ lọ sí adágún kan náà. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á pa àgọ́ tirẹ̀, á kì nǹkan bọ etí, á kọ ẹ̀yìn sí ẹnì kejì. Mo kí ọ̀kan lọ́jọ́sí, mo ní ẹ kú ìjókòó. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ jí omi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Alhaji Múfú ni mo fẹ́ sọ. Ará Ẹ̀pẹ́ bíi tèmi ni, àbúrò ló jẹ́ sí mi, bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo agbára rẹ̀ wà kiri Woolwich, Abbey Wood àti òkè Shooters Hill. Orí siteeríìnì yẹn ni èjìká ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ Oman lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ti padà sílé. Ó ránṣẹ́ sí i pé àwọn ní ọkọ̀ ojú omi, kó máa bọ̀, kó wá pẹja tí wọ́n ń pè ní jáyáńtì tirẹfálì.

Alhaji wá bá mi, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé àríyá.

"Auntie, bàbá agaza ni o! Agaza tiwa tí a mọ̀ l'Ékòó, ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? O fẹ́ jẹ ẹ́ tán?"

"Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́. Gbogbo ayé mi ní London yìí, ẹja inú ẹrẹ̀ ni mò ń fà, ẹja tó ń bẹ̀ mí kí n dá òun padà. Mo fẹ́ ẹja kan ṣoṣo tó máa bínú sí mi."

"Ìyàwó ń bẹ nílé, o tún ń wá ẹni tó máa bínú sí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sí èjìká. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun ní ọsibítù pé àwọn máa la èjìká yẹn, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, òun ò ní lè ju nǹkan mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun lè lọ. Bí ọ̀pá bá dá lọ́wọ́ òun, tàbí èjìká kọ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìràwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ ṣe. Orí omi lẹ ti ń pa ẹja yìí. Ẹja onígi ńlá lẹ máa jù, tó wúwo bí ọmọ orógùn. Ẹ ó jù ú jìnnà, ẹ ó já a gìrì kó lè máa pariwo lórí omi, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, bí ẹni ń fi abọ́ gbá omi. Láti àárọ̀ títí ọ̀sán ni, jù ú, já a, fà á wálé, tún un jù. Ọ̀pá tó bá wúwo á pa ẹ́ kí ẹja tó dé. Ṣùgbọ́n tí ẹja bá dé, tó gba ìsàlẹ̀ là wá sókè, abẹ́ àpáta ló máa padà forí lé. Bí o ò bá dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ó lọ nìyẹn, tòun ti okùn. Nítorí náà, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ rọ̀, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ìyá Onírun gbọ́ èyí, ó ní ṣé ọ̀pá la ń wá àbí ọkọ.

Kí Alhaji tó yan ohunkóhun, Wàídì ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù ra ọ̀pá kan ránṣẹ́ sí i. Ọmọ dáadáa ni Wàídì, ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ló fi ṣe é. Ọ̀pá náà sì rẹwà! Ó ń dán wúràwúrà, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Alhaji gbé páálí rẹ̀ wá sí ọjà bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹja dà?" mo bi í.

"Auntie, ẹ̀rù ń bà mí láti dán an wò. Tó bá dá, kí ni mo máa sọ fún ọmọ náà?"

Èmi ní kó gbé ìyálé, ọ̀pá kan tó nípọn tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo pariwo lé e lórí pé òun ló dára jù, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ó gbé e lọ sí adágún, ó jù ú títí ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, kò lè gbé ọwọ́ dé fìlà ara rẹ̀. Ó wá padà wá, ó ń fọwọ́ kan ọ̀pá lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ koki, irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò, tí orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́. Kò sí ẹni tó bìkítà fún un rí. Ó gbé e, ó mì í. Ó tún un mì. Mo rí i pé ara rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣe ẹja fún un? Gbogbo ọkùnrin ọjà ń ṣàánú èjìká rẹ̀. Wọ́n á so okùn mọ́ bẹ́líìtì, wọ́n á máa rìn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó ń re ilé ọkọ. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀pá náà á dúró. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ sílé lọ ronú.

Kò pẹ́, ó pè mí lórí fóònù láti kọ̀rọ̀ ilé ìdáná rẹ̀. Kò mọ̀ pé Alhaja ìyàwó rẹ̀ ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bọ́ bàtà. Ohun tí Alhaja gbọ́ nìyí:

"Auntie, mo ti pinnu, ààyò yẹn ni mo fẹ́. Ìyálé ti wúwo jù fún mi, mi ò gbé e mọ́. Èyí tí Wàídì mú wá fún mi, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó lè fara dà mí. Ààyò tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ìdí rẹ̀ sì le. Ẹ bá mi fi pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin kankan fọwọ́ kàn án. Èmi àti òun la jọ ń lọ sí Oman. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Alhaja gbọ́ o."

Háà! Ẹ fojú inú wò ó. Alhaja Sìkírátù, ọmọ Ìbàdàn, tó ti ń fẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Kò bá Alhaji sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, mo rí i tó ń bọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú arúgbó, kò tilẹ̀ kí Ìyá Onírun.

"Níbo ló wà?"

"Alhaja, ẹ káàárọ̀. Ta ni?"

"Ààyò!"

Gbogbo ọjà yíjú sí wa. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín ti gbé mi lọ́fun, ó kù díẹ̀ kí n kú.

"Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀," mo ní, "ó dúró ti ògiri."

"Ó dúró ti ògiri! Ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin tí mò ń pè ní Auntie! Ẹ tọ́jú obìnrin sẹ́yìn báàgì fún ọkọ mi! Ọmọ mi Wàídì náà mú tirẹ̀ wá! Ọmọ tí mo bí! Èmi wá ni ìyálé tó wúwo? Èmi tí mò ń gbé àwọn arúgbó òyìnbó lórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀, kí ilé wa lè dúró? Ẹ pè é jáde!"

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ o."

"Ẹ pè é jáde, mo ní!"

Mo wọlé, mo gbé ọ̀pá jáde, mo fi í síwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀pá. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn ọ̀pá bóyá obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà bú sẹ́rìn-ín gbàà. Ìyá Onírun jókòó sílẹ̀.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ẹ ò mọ obìnrin. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo rí i pé ojú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó jókòó sórí báàgì ìrìn-àjò kan, ó ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Oman. Èjìká yẹn tí mò ń fi omi gbígbóná jó. Ó fẹ́ gbé e lọ sórí òkun, kò lè sọ fún mi. Auntie, obìnrin ì bá sàn. Obìnrin, mo mọ bí a ṣe ń bá a jà."

Àkókò yẹn gan-an ni Alhaji wọlé, ọ̀pá Wàídì lábẹ́ apá. Ó rí ìyàwó rẹ̀. Ó rí ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ padà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti dí ẹ̀yìn.

"Alhaja mi..."

"Má pè mí. Kí ni wọ́n ń ṣe níbí tí wọ́n bá fẹ́ ra igi yìí?"

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló la ẹnu. "Mummy, wọ́n máa ń... ẹnì kan á ṣe ẹja ni."

"Ẹ so ó mọ́ mi."

"Sìkírátù, ìwọ ọmọ Ìbàdàn, omi tí o mọ̀ kò ju omi ẹ̀rọ lọ."

"Mo ní ẹ so ó mọ́ mi!"

Mo so okùn mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Ọ̀pá Wàídì la kọ́kọ́ lò, torí òun ló wà lọ́wọ́ Alhaji. Alhaja yí ẹ̀yìn padà, kò sáré, ó kàn gbé ara rẹ̀ síwájú ni, bí ó ṣe ń gbé àwọn arúgbó rẹ̀. Káá! Ìyàwó tuntun dá sí méjì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìyálé fún Alhaji. Ìyálé ò dá, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ náà. Gbogbo ìbínú obìnrin yẹn gba ara igi kọjá lọ sí èjìká. Alhaji ké "yéè", ó ju ọ̀pá sílẹ̀.

Ó ku ààyò. Alhaja fà á. Orí rẹ̀ tẹ̀, ó tẹ̀ títí ó fi fẹ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó dé ìdí, ó sì dúró. Alhaja ya sí ọ̀tún, ó gbá àga Ìyá Onírun ṣubú. Ó ya sí òsì. Bàtà Alhaji ń wọ́ lórí táìlì. Ìyàwó ń fà, ó ń sọ̀rọ̀: "O ò lè sọ fún mi! O ò lè sọ fún mi!" Ọkọ ń fà á padà díẹ̀díẹ̀, ó ń dáhùn: "Ẹ̀rù bà mí pé wàá ní rárá! Ẹ̀rù bà mí ni!" Kẹ̀kẹ́ okùn ń ké. Ọ̀pá dúró. Èjìká dúró. Ó fà á títí ó fi dé iwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń mí hẹ́hẹ́, ìmú ń kan ìmú.

Alhaja tú okùn fúnra rẹ̀. "Ẹja yẹn, tó bá bínú jù mí lọ, kó máa gbé ẹ lọ. Ṣùgbọ́n lójú mi ló ti máa ṣẹlẹ̀. Èmi náà ń lọ."

Bí a ṣe yan ọ̀pá nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ọ̀pá Wàídì tó dá, wọ́n dá a padà fún àwọn tó tà á, wọ́n sì fi òmíràn tó rí bákan náà ránṣẹ́. Wọn ò tilẹ̀ béèrè irú ẹja tó dá a! Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Kì í ṣe fóònù. Ẹni tó ta nǹkan fún ẹ kò fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Èmi, bí ọ̀pá mi bá dá, ojú ni mo máa ń fi wo ẹni tó dá lọ́wọ́ rẹ̀, a ó jọ jà, a ó jọ jẹun.

Kí àwọn Alhaji tó rìnrìn àjò, ẹni tó ni ilé ọjà wa tà á. Àwọn kan dé àṣíborí wá, wọ́n ń wọn ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wa, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, Mummy. Mo sún díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún sún. Mo sún títí mo fi bá ara mi nínú ilé mi ní Thamesmead pẹ̀lú agbòjò tí kò sí ẹni tó máa rà á. Ìyá Onírun lọ sí Abbey Wood. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kó lọ sí ìlú mìíràn. Délé ti lọ sí Canada. A sọ pé a ó máa ríra. Ẹ̀yin náà mọ irọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kan báyìí, fóònù mi dún. Alhaja ni, afẹ́fẹ́ òkun ń pariwo lẹ́nu rẹ̀.

"Auntie! Omi fọ́! Mo rò pé ẹnì kan ju fíríìjì sínú òkun! Alhaji ń pariwo, ọmọ Oman ń pariwo, èmi ń ké Lá iláha! Èjìká fẹ́ kọ̀, Auntie, mo rí i tó fẹ́ kọ̀. Mo dìde, mo dì í níkùn láti ẹ̀yìn bí mo ṣe ń di àwọn arúgbó mi, mo ní o ò ní lọ, o ò ní lọ. Ọ̀pá tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ó wá, Auntie! Ó tó ọmọ tó ti ń lọ síléèwé, orí rẹ̀ bí òkúta, ojú rẹ̀ ń wò wá pẹ̀lú ìbínú!"

"Ẹ ti pa á?"

"Alhaji ní ká dá ẹja náà sílẹ̀. Ó gbá wa lómi, ó lọ. Alhaji ń sunkún, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe fún un. Ẹ bá wa sọ fún wọn. Ẹ sọ fún gbogbo ọjà!"

Gbogbo ọjà. Ó ti gbàgbé, ayọ̀ ló mú un gbàgbé. Èmi náà, mi ò rò ó, mo ti wọ kóòtù, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí n tó rántí. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Woolwich. Ibi tí ọjà wa wà, gíláàsì ni láti ilẹ̀ dé òkè, àga funfun wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Ẹni tí mo máa bá rẹ́rìn-ín kò sí, ẹni tó máa ní irọ́ ni kò sí, ẹni tó máa béèrè bí ọ̀pá ṣe tẹ̀ kò sí. Inú bí mi, inú bí mi débi pé ẹ̀rín mi gan-an sá.

Mo dúró síbẹ̀, mo la ẹnu.

"Ẹ̀yin ará ọjà! Alhaji Múfú ti mú bàbá agaza o! Ọ̀pá ò dá! Èjìká ò kọ̀! Alhaja ló dì í mú!"

Ọmọbìnrin kan yà fún mi, ó rò pé ìwàásù ni. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gíláàsì jáde wá, ó wo ojú mi, ó rí ilà tó wà níbẹ̀, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ilé àwọn èèyàn nibí. Ta lẹ ń wá?"

"Gbogbo wọn," mo dá a lóhùn. "Sún sẹ́yìn, mi ò tíì parí."

Mo sì tún la ẹnu.